Ìgbà wo ni ìrànlọ́wọ́ di òwò ẹrú? Àlàyé lórí fífi ọmọ ènìyàn ṣòwò ládùúgbò wa

Bí a bá dárúkọ fífi ọmọ ènìyàn ṣòwò láàárín àwọn èèyàn wa, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ni ọkọ̀ akérò tó gbé èrò sá lọ, tàbí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tó ń fi súwíìtì tan ọmọdé lójú ọ̀nà ilé ìwé. Irú ìwà ọ̀daràn bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ọmọ ènìyàn ṣòwò kì í sábà fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń gbà wọlé, ó ń jókòó, ó ń mu omi, ó ń bèèrè àlàáfíà ìyá àgbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ pé ìbátan, ọ̀rẹ́ ẹbí, ọmọ ìjọ kan náà tàbí ará àdúgbò ni. Nítorí pé a kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wa ni a ń pè ní ìrànlọ́wọ́, a sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é.

Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ń lò láti mọ ohun tí í ṣe fífi ọmọ ènìyàn ṣòwò wà nínú àdéhùn kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà wọlé ní ọdún 2000, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú Palermo ní Ítálì pè. Nàìjíríà fọwọ́ sí i pátápátá ní ọdún 2001. Nǹkan mẹ́ta ni àdéhùn náà ń wò pa pọ̀. Èkíní ni ohun tí wọ́n ṣe: pé ẹnìkan wá ènìyàn rí, ó gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn, ó gbà á sílé, tàbí ó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èkejì ni ọ̀nà tí ó gbà ṣe é: ipá, ìhàlẹ̀, irọ́, àìní ẹni náà tí ó rí lò, tàbí owó tí ó fi sọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ lórí rẹ̀, bí òbí tàbí alágbàtọ́. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó fẹ́ fi ẹni náà ṣe, èyí tí í ṣe jíjẹ èrè lórí ara rẹ̀ tàbí lórí agbára rẹ̀: iṣẹ́ aṣẹ́wó, iṣẹ́ tipátipá, ìsìnrú, tàbí yíyọ ẹ̀yà ara. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti pàdé, òwò ẹrú ni. Ti ọmọdé wá yàtọ̀, ó sì yẹ kí gbogbo òbí fi ọkàn sí i: bí ẹni náà kò bá tíì pé ọdún 18, òfin kò bèèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ́. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n fẹ́ ti jẹ èrè lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rín ni ọmọ náà ń rín bó ti ń wọ mọ́tò, ẹ̀sùn ti pé.

Gbólóhùn kan wà tí mo ń gbọ́ lemọ́lemọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò yìí bá délẹ̀: "Ṣé wọ́n fipá mú un ni? Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló gbà láti lọ." Ó gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni ó gbà? Ó gbà láti lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà, wọ́n sì kó o sí ilé aṣẹ́wó. Ó gbà láti máa tọ́jú arúgbó fún iye owó oṣù tí wọ́n dá fún un, wọ́n sì tì í mọ́lé láìsan kọ́bọ̀. Ohun tí ó gbà kọ́ ni wọ́n gbé fún un. Ìdí nìyí tí àdéhùn Palermo fi sọ ní pàtó pé níbi tí ipá, ẹ̀tàn tàbí ìlòkulò ipò bá ti wọ ọ̀rọ̀, gbígbà tí ẹni náà gbà kò já mọ́ nǹkan kan níwájú òfin. Kódà, ẹni tí ó mọ̀ pé iṣẹ́ aṣẹ́wó ni òun ń lọ ṣe, tí ó débẹ̀ tí wọ́n gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, tí wọ́n sì sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró títí yóò fi san gbèsè tí kò mọ ìdí rẹ̀ tán, ẹni tí wọ́n fi ṣòwò ni òun náà. Mo fẹ́ kí èyí yé wa yékéyéké, nítorí pé ìtìjú àti ẹ̀gàn ará ilé ni ó ń pa ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀wẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń da òwò yìí pọ̀ mọ́ fífi ọ̀nà ẹ̀yìn kó ènìyàn kọjá ẹnubodè. Àwọn méjèèjì a máa rìn pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó sanwó fún afinimọ̀nà kí ó mú òun gba aṣálẹ̀ Sàhárà dé Líbíà ti rú òfin ẹnubodè, òun àti ẹni tó mú un lọ. Bí wọ́n bá sì ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Nínú òwò ẹrú, ènìyàn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá sì débẹ̀ ni ìyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ìrìn àjò kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ bí èkíní kí ó sì parí bí èkejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fẹsẹ̀ ara wọn rìn kúrò nílé, tí àwọn awakọ̀ sì tà wọ́n fún àwọn ẹlòmíràn nígbà tí wọ́n dé Líbíà. Òwò ẹrú kò sì nílò ẹnubodè kankan rárá. Ọmọ tí wọ́n mú láti abúlé kan ní Òkè-Ògùn wá sí Ìbàdàn, tàbí láti Akwa Ibom wá sí Èkó, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn ń gba owó rẹ̀, wọ́n ti fi ṣòwò láìjẹ́ pé ó jáde kúrò ní Nàìjíríà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù fún àwa Yorùbá ni ti ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àṣà wa ni kí á gba ọmọ tọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ń dàgbà lọ́dọ̀ àbúrò, ọmọ oko ń bá ìbátan gbé nílùú ńlá kí ó lè kàwé, àìmọye ènìyàn tó di dókítà, olùkọ́ tàbí oníṣòwò pàtàkì lónìí ni ó sì gba ọ̀nà yìí dé ibi tí wọ́n wà. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé kí á pa àṣà yìí run. Ohun tí òfin ń bèèrè ni ẹni tí èrè ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ń gbálẹ̀ láàárọ̀, tó ń fọ abọ́ lálẹ́, tó sì ń lọ sílé ìwé pẹ̀lú àwọn ọmọ onílé, tí ìyá rẹ̀ mọ ibi tó wà, tó sì lè padà sílé nígbàkúgbà, ọmọ tí wọ́n ń tọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ọmọbìnrin kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ilé oúnjẹ kan létí títì, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀ ní àdúgbò wa. Ó ti jí kí ìrun àsùbáà tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń pọn omi, tó ń ṣa ẹ̀wà, tó ń gbé ìkòkò tó ju agbára rẹ̀ lọ sórí iná. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá nínú aṣọ ilé ìwé, ẹ̀yìn agbada omi gbígbóná ni ó wà. Bí oníbàárà bá bi í léèrè ọmọ ọdún mélòó ni, á kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó dáhùn pé mẹ́rìnlá. Kò mọ iye tí wọ́n ń san lórí òun. Ìparí ọdún ni ejẹ́ǹtì tó mú un wá ń padà wá, tí á gba owó oṣù méjìlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí á yọ tirẹ̀ tán kí díẹ̀ tó dé ọwọ́ òbí, bí ó bá tilẹ̀ dé ọ̀hún. Lẹ́yìn náà, á gbé ọmọ náà lọ sí ilé mìíràn kí ó má baà mojú ẹnikẹ́ni tó lè gbèjà rẹ̀.

Àwọn àgbà tó sọ pé "ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀" mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ohun tó sọ ọmọ yìí di ẹni tí ẹnikẹ́ni lè jẹ níyà ni pé kò sí ẹni tirẹ̀ nítòsí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò fàyè gba kí á gba ọmọdé síṣẹ́ ilé níta ilé tirẹ̀ tàbí láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Òfin tó lòdì sí fífi ènìyàn ṣòwò, èyí tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2015, sì sọ pé ẹni tó bá gba ọmọ tí kò tó ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí tó gbé e wá, tàbí tó fi í ṣọwọ́ sí ẹlòmíràn fún iṣẹ́ náà, lè ṣẹ̀wọ̀n láti oṣù mẹ́fà títí dé ọdún méje. Ẹ ṣàkíyèsí pé ejẹ́ǹtì nìkan kọ́ ni òfin yìí ń bá wí. Ìyá olóúnjẹ náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó ilé tó ránṣẹ́ sí ejẹ́ǹtì pé kí ó bá òun wá ọmọ kékeré kan "tí ojú rẹ̀ kò tíì là".

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nílẹ̀ wa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, gbogbo ayé ń wo ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Etireno, tó padà sí Kùtọnu ní orílẹ̀-èdè Benin pẹ̀lú àwọn ọmọdé tí wọ́n fura pé wọ́n ń kó lọ ṣòwò nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọn kò jẹ́ kí ó gúnlẹ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n rí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó ju 200 lọ ní àwọn ibi ìfọ́kùúta ní agbègbè Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta akọ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wá láti agbègbè Zakpota, wọ́n sì dá wọn padà sílé. Ohun tó yẹ kí á rò jinlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọn kò jí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gbé. Àwọn òbí wọn mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe, wọ́n sì gbà. Àwọn ará àdúgbò náà ń rí wọn lójoojúmọ́ nínú eruku. Ní ọdún 2005, Nàìjíríà àti Benin fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti jọ gbógun ti òwò náà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kéékèèké tó yí Ìdí-Ìrókò, Ìmẹ̀kọ àti Ṣakí ká pọ̀ ju èyí tí aṣọ́bodè lè ṣọ́ tán lọ.

Gbèsè ni okùn tí wọ́n fi ń de àwọn àgbàlagbà. Láyé àtijọ́, ìwọ̀fà wà nílẹ̀ Yorùbá: ẹni tó yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe ni èlé orí owó náà, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà ni ìwọ̀fà di òmìnira. Ìnira wà nínú àṣà náà, ó sì dára bí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, iye tí a yá kò fara sin, ìwọ̀fà sì ní àkókò tó fi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Gbèsè tí àwọn oníṣòwò òde òní ń gbé ka ènìyàn lórí kò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú lọ sí Ítálì lè gbọ́ pé òun jẹ gbèsè tó ju 30,000 Yúrò lọ, kí wọ́n tún máa bu owó ilé, owó oúnjẹ, owó ibi tó ń dúró sí lójú títì àti owó ìtanràn fún àìgbọràn lé e lórí. Bó ti ń san án ni ó ń pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn gbèsè ni ìbúra. Wọ́n á gba irun rẹ̀, èékánná rẹ̀ àti aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójúbọ, wọ́n á sì sọ fún un pé bí ó bá sá tàbí bí ó bá fi ọ̀rọ̀ tó ọlọ́pàá létí, yóò kú tàbí yóò ya wèrè. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2018, Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Ìbíní pe àwọn olóòṣà jọ sí ààfin, ó sì fi àṣẹ ọba tú gbogbo ìbúra tí wọ́n ti fi de àwọn ọmọ náà, ó sì fi àwọn tó bá tún ṣe irú rẹ̀ gégùn-ún. Ó tu àwọn kan lára débi pé wọ́n lè sọ̀rọ̀ jáde. Ó wù mí kí àwọn ọba àti àwọn ẹlẹ́sìn ilẹ̀ tiwa náà sọ̀rọ̀ kedere bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọba a máa dé ibi tí ọ̀rọ̀ adájọ́ kò lè dé.

Lóde òní, ojú ọ̀nà tó ń kó àwọn obìnrin Yorùbá lọ jù ni iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Lẹ́bánónì, Oman, Iraq àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lágbègbè náà. Ètò kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kafala, tó so ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ mọ́ orúkọ ẹni tó gbà á síṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá kúrò nílé náà láìgba àṣẹ, nítorí pé wọ́n ń lù ú tàbí pé wọn kò sanwó fún un, òun ni òfin yóò mú, kì í ṣe ẹni tó lù ú. Ọ̀gá á ti gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ láti pápákọ̀ òfurufú, á sì sọ pé òun ti san owó rẹ̀ fún ejẹ́ǹtì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ọkùnrin kan ní Lẹ́bánónì gbé àwòrán ìwé ìrìnnà obìnrin kan, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, sórí Facebook, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun fẹ́ tà á ní 1,000 dọ́là. Ariwo ta, wọ́n sì mú ọkùnrin náà. Ojú ìwé tí àwọn èèyàn ti ń ra àga àti ẹ̀rọ amúlétutù ni ó gbé e sí.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń gbèrò àtilọ máa bèèrè ìbéèrè nígbà tí ó ṣì wà nílé, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ó ti ní agbára láti kọ̀. Iléeṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń bínú nígbà tí wọ́n ní kí ó fi ìwé náà hàn ti dáhùn ìbéèrè. Físà ìbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́, bó ti wù kí ejẹ́ǹtì fi dá ni lójú tó pé "wọ́n á yí i padà níbẹ̀". Kí ìwé àdéhùn iṣẹ́ wà lọ́wọ́, ní èdè tí ènìyàn gbọ́, kí ó tó wọ bàálù. Kí ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, àdírẹ́sì ilé tó ń lọ àti nọ́ńbà fóònù ejẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ ẹnìkan nílé, kí wọ́n sì jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tí yóò sọ lórí fóònù bí nǹkan kò bá dára, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ń sọ pé "ara mi le" ń sọ ọ́ níṣojú ẹni tó ń jẹ ẹ́ níyà.

Ní ti ará àdúgbò, ohun tí ẹ ó máa fojú sílẹ̀ fún kò ṣòro láti rí. Àwọn awakọ̀ àti àwọn tó ń pèrò nínú gáréèjì a máa rí àgbàlagbà kan tó kó ọmọ márùn-ún dání, tí ojú wọn kò jọra, tí èdè wọn kò sì bá tirẹ̀ mu. Àwọn olùkọ́ a máa mọ ìgbà tí ọmọ kan dédé pòórá. Aládùúgbò a máa gbọ́ ẹkún ọmọ kan náà lóru. Bí ara bá ń fu yín, ẹ má ṣe lọ fọ́ ilẹ̀kùn onílé, ẹ má sì ṣe bá a fa ọ̀rọ̀, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti gbé ọmọ náà lọ sí ibòmíràn. Ẹ kọ àdírẹ́sì, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe ọmọ náà àti àkókò tí ẹ rí i sílẹ̀, kí ẹ sì pe 627, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti òwò yìí, tàbí 112 bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé àwòrán ojú ọmọ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àánú ni ó ń sún ènìyàn ṣe é, ṣùgbọ́n ó ń kìlọ̀ fún ọ̀daràn, ó sì ń fi ìtìjú kan ọmọ náà lára títí yóò fi dàgbà.

NAPTIP yìí ni àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 fún iṣẹ́ yìí gan-an. Ìyáàfin Titi Atiku Abubakar, ọmọ bíbí Iléṣà, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà, wà lára àwọn tó ṣe wàhálà jù kí òfin náà tó jáde. Ó ti dá ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ WOTCLEF sílẹ̀ ní ọdún 1999 nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Lábẹ́ òfin tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2015, ẹni tó bá fi ènìyàn ṣòwò yóò ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún méjì, yóò sì san owó ìtanràn tí kò dín ní 250,000 náírà. Bí ó bá jẹ́ pé ó gbé ènìyàn wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè tàbí ó gbé e jáde lọ sibẹ̀ láti lọ ṣe aṣẹ́wó tàbí kí wọ́n lè jẹ èrè lórí rẹ̀ lọ́nà mìíràn, ẹ̀wọ̀n náà kò ní dín ní ọdún márùn-ún, owó ìtanràn kò sì ní dín ní mílíọ̀nù kan náírà. Òfin kan náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti ẹni tí wọ́n fi ṣòwò mọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé ẹjọ́ nítorí ohun tí wọ́n fipá mú un ṣe.

Ìdájọ́ wọ̀nyí kì í ṣeé ṣe láìsí ẹlẹ́rìí, ẹni tí wọ́n fi ṣòwò gan-an sì ni ẹlẹ́rìí pàtàkì. Níbí ni ẹbí ti máa ń já ọmọ tiwọn kulẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá dé láti Líbíà tàbí Oman lọ́wọ́ òfo, dípò kí wọ́n gbà á mọ́ra, wọ́n á máa bi í léèrè owó tí wọ́n fi ilẹ̀ yá. Bí ejẹ́ǹtì bá sì jẹ́ ẹbí, àwọn àgbà ilé á ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ àga kí orúkọ ìdílé má baà bàjẹ́. Ejẹ́ǹtì náà á wá máa ká àdúgbò, á máa wá ọmọ mìíràn. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nílé yín, ẹ mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ó sinmi, kí ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí ó bá ṣe tán. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ìwé ìfowóránṣẹ́ àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, ẹ má ṣe pa wọ́n rẹ́. Bí ẹjọ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, kí ẹnìkan tí ọmọ náà fọkàn tán nínú ẹbí máa bá a lọ sílé ẹjọ́ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá pè é, títí kan àwọn ọjọ́ tí adájọ́ kò bá jókòó.